ÌBÒ WA ÀTI ÀLEJÒ TÍ Ń BẸ LÁÀRIN ÌLÚ
Ẹ̀kọ́ láti inú ìtàn àwa Yorùbá ní Kumasi

Ọ̀dọ̀ wa ní Ayigya, ní ìlú Kumasi, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, níbi tí yunifásítì ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan wa, tí Zongo sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbàkúùgbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè méjì ni àwọn ọmọ ìjọ máa ń gbé wá bá wa. Èkíní ni pé: Ó ha yẹ kí onígbàgbọ́ lọ́wọ́ sí ọ̀ràn ìbò? Èkejì ni pé: Àwa tí àwọn baba wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wá, kí ni ó kàn wá nínú ọ̀ràn ìjọba ilẹ̀ yìí? Ẹni tí ó bá béèrè èkejì yìí kò ṣe àṣejù. Ohun tí ojú àwọn àgbà rí ni ó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́nu. Nítorí náà, kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìtàn wò, nítorí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

BÍ ÀWỌN BABA WA ṢE DÉ IHÍN

Ní ọdún 1903 ni ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ láti Sekondi ní etí òkun wọ Kumasi. Òwò gbèrú ní ìlú náà, àwọn oníṣòwò sì ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Àwọn ènìyàn wa wà nínú wọn, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, àwo àti oríṣiríṣi ohun wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà; wọ́n ń rù ú láti ọjà dé ọjà, títí dé abúlé tí ọkọ̀ kì í dé. Àwọn Akan ń pè wá ní Alata, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè wá ní ará Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ Èkó ju ibi tí wọ́n gbà kọjá lọ.

Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ. Síbẹ̀, nínú ọkàn wọn, oko ni Gold Coast, ilé sì ni àbọ̀ ìsinmi oko. Nígbà tí èrè bá dé, ìlú baba wọn ni wọ́n ń fi í kọ́ ilé sí. A kò dá wọn lẹ́bi fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ibi tí ó ń gbé sí oko kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa ẹni tí yóò jẹ baálẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣòro kí ẹnikẹ́ni rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá ń ṣe òfin abúlé.

BÍ ÌBÒ ṢE DÉ ỌWỌ́ TÁLÁKÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń dìbò ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí a yan àwọn aṣòfin ní Nàìjíríà ní ọdún 1923, Èkó àti Calabar nìkan ni a ti dìbò, ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò dín ní 100 pọ́n-ùn nìkan ni ó sì lè dì í. Ní Gold Coast, òfin ọdún 1925 fún Accra, Cape Coast àti Sekondi ní àyè láti yan aṣojú. Ilẹ̀ Asante, tí Kumasi jẹ́ olú ìlú rẹ̀, kò ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀ náà títí di ọdún 1946. Gómìnà ni ó ń ṣe òfin fún wọn, tiwọn ni kí wọ́n gbọ́ kí wọ́n sì ṣe.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1951, a dìbò jákèjádò Gold Coast. Inú ẹ̀wọ̀n ní Accra ni Kwame Nkrumah wà ní ọjọ́ náà. Nínú ìbò 23,122 tí a dì ní àgbègbè rẹ̀, 22,780 ni ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀, CPP, sì gba àyè 34 nínú 38 tí a dìbò sí. Ní ọjọ́ 12 oṣù náà, Gómìnà Arden-Clarke dá a sílẹ̀, ó sì ní kí ó wá darí ètò ìjọba. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. A kò yin ìbọn, a kò sì fọ́ ilẹ̀kùn. Ìwé kékeré tí àwọn alápatà, àwọn akọ̀wé, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn awakọ̀ jù sínú àpótí ni ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n náà. Ní 1956, ẹgbẹ́ kan náà gba àyè 71 nínú 104, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, Gánà di òmìnira.

BÍ ÌBÒ ṢE LÈ KÚ

Ṣùgbọ́n agbára tí ìbò fi fún ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ láìṣọ́. Ní ọdún òmìnira náà gan-an ni a ṣe òfin nípa ẹni tí í ṣe ọmọ Gánà. Òfin náà wí pé kí a bí ènìyàn sórí ilẹ̀ náà nìkan kò tó. Òbí rẹ̀ kan tàbí òbí òbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a bí síbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa di àlejò ní ìlú tí a rì ìwọ́ wọn mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba fẹ́ lé aṣáájú méjì ní Zongo Kumasi jáde, Alhaji Amadu Baba àti Alhaji Othman Larden Lalemi. Ẹgbẹ́ alátakò ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Wọ́n wí pé ọmọ Gánà ni àwọn, wọ́n sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Kumasi. Kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹjọ́, ilé aṣòfin ṣe òfin kan tí a kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí, a sì fi ọkọ̀ òfurufú gbé wọn lọ sí Nàìjíríà. Àwọn tí ó ṣe òfin náà kì í ṣe ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Àwọn tí ará ìlú fi ìbò gbé wọlé ni.

Ẹni tí ó bá rí èyí tí ó sì dákẹ́ nítorí pé kò kan òun, kò pẹ́ kí ó tó kan án. Ní oṣù kìíní ọdún 1964, a bi àwọn ará ìlú bóyá kí Gánà di orílẹ̀-èdè ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Èsì tí ìjọba kéde ni pé 2,773,920 gbà, 2,452 péré ni kò gbà. Ní ọdún 1965 tí ó yẹ kí a yan àwọn aṣòfin, kò sí ẹni tí ó tẹ̀ka rárá. A kàn kéde pé gbogbo àwọn tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ ti wọlé láìní alátakò. Nígbà tí ó di ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966, àwọn sójà gba ìjọba. Ẹ wò ó, ọdún mẹ́sàn-án péré ni ó wà láàrin ayọ̀ òmìnira àti ìró ìbọn. Ìbò kò kú ní ọjọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kú, ní gbogbo ìgbà tí àwọn ènìyàn rere bá wí pé kò kàn wá.

Ní 1969 ìbò padà dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia gba àyè 105 nínú 140. Inú àwọn ènìyàn dùn pé ìjọba alágbádá ti padà, àwọn ènìyàn wa pàápàá sì bá wọn yọ̀.

ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ, LẸ́Ẹ̀MEJÌ

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbò náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba kéde pé gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi Gánà sílẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni òpin. Ẹ̀yin àgbà tí ó wà láyé nígbà náà kò nílò ẹni tí yóò sọ ọ́ fún yín. A ta ọjà ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀pọ̀. A fi gbèsè sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajẹgbèsè. Ọkọ̀ akẹ́rù kún fún àpótí, ìkòkò àti ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò gbọ́ èdè kan ju Twi lọ. Wọ́n la Togo kọjá, wọ́n la Dahomey kọjá, wọ́n dé ìlú tí wọ́n ń pè ní ilé, a sì tún ń pè wọ́n ní ará Gánà níbẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tí ó ń kún fọ́fọ́ tẹ́lẹ̀ ní ìlú púpọ̀ ní Gánà di ibi tí ènìyàn díẹ̀ ti ń dá orin.

A ti máa ń sọ ìtàn yìí nínú ìdílé wa, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ dúró ní ìdajì ìtàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà, lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní ilẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fún àwọn náà. Àwọn ọmọ Gánà tí ọ̀ràn náà kàn, a fojú bù ú pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn olùkọ́ wà nínú wọn, àwọn bíríkìlà wà nínú wọn, àwọn ìyá tí ń pọn ọmọ sì wà nínú wọn. Ẹnubodè tiwọn pàápàá wà ní títì nígbà náà, ọ̀pọ̀ sì há sí ojú ọ̀nà kí a tó ṣí i. Àpò tí wọ́n kó ẹrù sí ni a fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, tí a sì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Àwa tí a mọ bí ọ̀sẹ̀ méjì ti kúrú tó, mélòó nínú wa ni ó la ẹnu wí pé kò tọ́? Ohun tí a jẹ tí ó korò lẹ́nu wa ní 1969 ni a bù fún ọmọnìkejì wa ní 1983.

Ohun kan ni ó so ọ̀ràn méjèèjì pọ̀. Kì í ṣe ìjọba sójà ni ó lé wa, kì í sì í ṣe ìjọba sójà ni ó lé wọn. Ìjọba tí a fi ìbò gbé wọlé ni ti 1969. Ìjọba tí a fi ìbò gbé wọlé ní 1979 ni ti 1983, oṣù díẹ̀ sì ni ó kù kí ó tún lọ tọrọ ìbò nígbà tí ó pa àṣẹ náà. Àwọn aláṣẹ mọ̀ pé lílé àlejò yóò dùn mọ́ àwọn olùdìbò nínú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dìbò ní ìpín nínú ohun tí a fi ìbò rẹ̀ ṣe, ẹni tí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò tí ó jókòó sílé ní ìpín níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ó fi àyè sílẹ̀.

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ KỌ́ WA

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé ayé kì í ṣe ilé wa, nítorí náà kí a fi ọ̀ràn ìjọba sílẹ̀ fún àwọn ará ayé. A bẹ irú àwọn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n rántí ìtàn tí Jótámù ọmọ Gídíónì pa fún àwọn ará Ṣékémù. Àwọn igi fẹ́ fi ọba jẹ. Ólífì kọ̀ nítorí òróró rẹ̀, ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀ nítorí adùn rẹ̀, àjàrà kọ̀ nítorí wáìnì rẹ̀. Ẹ̀gún nìkan ni ó gbà, iná sì ti inú rẹ̀ jáde. A máa ń bá ẹ̀gún wí nígbà tí a bá ń ka ìtàn náà. Ṣùgbọ́n bí igi rere mẹ́ta kò bá kọ̀, ibo ni ẹ̀gún ìbá ti rí oyè jẹ?

Ẹ tún wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Nígbà tí a fẹ́ fi ẹnìkan rọ́pò Júdásì, kèké ni a ṣẹ́. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ kèké ti fi ọ̀ràn náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ní orí kẹfà ìwé náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì, tí í ṣe ará ìdálẹ̀ láàrin ìjọ, kò rí ìpín wọn gbà bí ó ti yẹ. Àwọn àpọ́sítélì kò ṣẹ́ kèké. Wọ́n pe gbogbo ìjọ, wọ́n sọ irú ènìyàn tí ó yẹ, wọ́n sì ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ wò ó kí ó sì yàn. Ìjọ yan ènìyàn méje, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹni ìkẹyìn nínú wọn jẹ́ ará Áńtíókù tí kì í ṣe Júù nípa ìbí. Àwọn onílé lo ìbò wọn láti fi gba àlejò lọ́wọ́ ìyà. Kò sí ìwàásù nípa ìbò tí ó ju èyí lọ. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, tí ó mọ̀ dájú pé ọ̀run ni ìlú òun, kò tijú láti wí fún balógun pé ọmọ Róòmù ni òun, nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án láìjẹ̀bi.

ÌBÒ KAN HA LÈ ṢE NǸKAN?

Ẹlòmíràn yóò wí pé: Ìbò èmi nìkan, kí ni yóò ṣe? Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò dáhùn. Nígbà tí a dìbò ààrẹ ní Gánà ní oṣù kejìlá ọdún 2008, kò sí ẹni tí ó ní ju ìdajì lọ, a sì tún un dì ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Ìbò náà sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi dúró de àgbègbè kan ṣoṣo, Tain, tí ó dìbò tirẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2009. Nígbà tí a kà á tán, Ọ̀jọ̀gbọ́n Atta Mills ní 4,521,032, Nana Akufo-Addo ní 4,480,446. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40,586. Àgbègbè ìdìbò 230 ni ó wà ní Gánà nígbà náà. Bí a bá pín ìyàtọ̀ náà káàkiri, kò pé 180 ènìyàn ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka Ìjọ wa mìíràn ní ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ Àjíǹde. Ohun tí ó tún yẹ kí a yin Ọlọ́run fún ni pé ẹni tí ó ń ṣe ìjọba gbé e lé ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́ láìsí ogun.

Síbẹ̀ a ń rí i pé ọ̀pọ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì. Ní Gánà, bí 79 nínú 100 àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ni ó dìbò ní 2020. Ní 2024 ó lé díẹ̀ ní 60. Ní Nàìjíríà ní 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tí ó jáde kò ju bí mílíọ̀nù 25 lọ. Bí ìdá mẹ́ta bá sùn, ẹni tí ó jí nínú ìdá kẹrin ni yóò pín oúnjẹ fún gbogbo ilé.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkíní, kí olúkúlùkù mọ ibi tí òfin fi í sí. Òfin Gánà ti ọdún 1992 wí pé ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó bá ti pé ọdún 18, tí orí rẹ̀ sì pé, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Ayigya ni ó jẹ́ ọmọ Gánà nípa ìyá, nípa baba tàbí nípa òbí àgbà, tí wọn kò sì mọ̀. Láti 1996 ni òfin sì ti fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Ẹ̀yin òbí, ẹ wá ìwé ìbí àwọn ọmọ yín, ẹ tò ó pamọ́. Ní 1969 ìwé ni a béèrè, kì í ṣe iye ọdún tí ènìyàn ti gbé ìlú.

Èkejì, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Gánà kò gbọ́dọ̀ gba káàdì ìdìbò, bí olóṣèlú tilẹ̀ gbé e wá bá a nílé pẹ̀lú owó. Èké ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì ń mú kí a máa fi ojú ọ̀daràn wo gbogbo àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dìbò kò bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe. Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Ẹ san owó orí yín, ẹ jáde bí a bá ń tún àdúgbò ṣe, ẹ má ṣe da ìdọ̀tí sí ojú gọ́tà, ẹ sì gba ìwé àṣẹ ìgbélùú yín ní àkókò.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe dúró de ìbò ààrẹ nìkan. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni ó súnmọ́ wa jù lọ, òun ni ọ̀ràn gọ́tà, ààtàn àti ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀; síbẹ̀ nígbà tí a bá ń dìbò tirẹ̀ ní Gánà, àwọn tí kì í jáde a máa pọ̀ ju àwọn tí ń jáde lọ. Níbẹ̀ gan-an ni ìbò ogún ènìyàn ti lè gbé ẹni rere wọlé.

Ẹ̀kẹrin, kí ọmọ ìjọ tí a bá gbà síṣẹ́ ìdìbò jẹ́ olóòótọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, nígbà tí ìjọba sójà Ọ̀gágun Acheampong ṣe ìbò tirẹ̀, Adájọ́ Abban tí ó jẹ́ alábòójútó ìdìbò kọ̀ láti jẹ́ kí a yí èsì padà. Ó ní láti sá pamọ́ nítorí ẹ̀mí rẹ̀. Lóṣù díẹ̀ sí i, àwọn sójà ẹgbẹ́ Acheampong fúnra wọn ni ó yọ ọ́ nípò. Orúkọ adájọ́ náà kò sì tíì parẹ́.

Èkarùn-ún, kí ẹni tí ó bá ní ìbò bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó tẹ̀ka: Ẹni tí mo fẹ́ yàn yìí, kí ni yóò ṣe fún àlejò, fún opó, fún ẹni tí kò lè dìbò? Nítorí ẹni tí ó bá lè fi ìyà jẹ ẹni tí kò ní ìbò lónìí lè gba ìbò lọ́wọ́ ìwọ náà lọ́la. Àwa Yorùbá ti jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ yìí, àwọn ará ilẹ̀ yìí sì ti jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ wa. A kò ní àwáwí pé a kò mọ bí ó ti ń rí.

Kí Olúwa tí ó pa Ísírẹ́lì mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì kí ó fún wa ní ojú tí ó ríran, ọkàn tí kò ṣe é rà, àti ẹsẹ̀ tí yóò jáde lọ́jọ́ ìbò. Kí ó bùkún Gánà, kí ó bùkún Nàìjíríà, kí ó sì bùkún Ìjọ rẹ̀ ní ibi gbogbo. Àmín.